Àlejò Tí Ìlú Fi Joyè: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìrìn Àjò Òṣèlú Rotimi Adebari

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2007, àwọn kánsẹ́lọ̀ mẹ́sàn-án péjọ ní ìlú Portlaoise, ní orílẹ̀-èdè Ireland, láti yan ẹni tí yóò jẹ́ méyọ̀ ìlú náà fún ọdún kan. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, ènìyàn mẹ́fà ló dìbò fún ẹni tí ó borí, àwọn mẹ́ta kò dìbò fún un. Orúkọ ẹni náà ni Rotimi Adebari, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Òkè-Odàn, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ọdún 1964. Ọdún keje rẹ̀ ní ilẹ̀ náà nìyẹn. Òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ méyọ̀ ní gbogbo Ireland.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé wa, àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ẹ lè bèèrè pé kí ni èyí kan Ọ̀fà. Adebari kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà, kò sì kàwé lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde ní ilé-ìwé yìí ni ó ti tẹ̀dó sí Dublin, London, Houston àti ibòmíràn. Bí wọ́n bá wálé ọdún, àwọn kan nínú wọn a máa sọ fún wa pé àwọn ń san owó orí, àwọn ń ṣiṣẹ́ òru, àwọn ń tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìlú bá dé, àwọn a ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Nítorí wọn ni mo ṣe yan ẹ̀kọ́ yìí. Mo yàn án nítorí àwa tí a wà nílé pẹ̀lú, fún ìdí kan tí yóò hàn bí a bá ti ń lọ.

Bí a ti kọ orúkọ ìlú náà kọ́ ni a ń pè é. Àwọn onílé ń pè é ní "Pọtlíṣà". Olú-ìlú agbègbè Laois ni, ó wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Dublin, kò sì tóbi: ní àkókò tí à ń sọ yìí, àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará Ireland fi mọ̀ ọ́n ni ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ gidigidi. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ibẹ̀, Maryborough ni wọ́n sọ ìlú náà, ní orúkọ ọbabìnrin wọn. Lẹ́yìn tí Ireland gba òmìnira ni àwọn onílẹ̀ fún un ní orúkọ èdè tiwọn. Ẹ kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo oyè méyọ̀ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1920, nígbà ìjà òmìnira, méyọ̀ méjì ni ìlú Cork pàdánù láàárín ọdún kan ṣoṣo. Wọ́n yìnbọn pa Tomás Mac Curtain nínú ilé rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Terence MacSwiney tí ó gba ipò rẹ̀ kọ oúnjẹ ní ẹ̀wọ̀n Brixton ní London fún ọjọ́ 74 títí ó fi kú ní oṣù Kẹwàá. Àwọn tí wọ́n rántí irú nǹkan báyìí ni wọ́n fi oyè náà lé àlejò lọ́wọ́.

Báwo ni ó ṣe dé ibẹ̀? Adebari kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Benin. Ní ọdún 2000, òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn méjì kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Ireland. Ó sọ fún ìjọba ibẹ̀ pé inúnibíni nítorí ẹ̀sìn ni ó lé òun kúrò nílé, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ibi ìsádi. Ìjọba ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tó, wọn kò gbà á. Ohun tí ó jẹ́ kí ó lè dúró ni pé ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ sí Ireland. Ní ìgbà náà, ọmọ tí a bá bí sí ilẹ̀ náà di ọmọ ilẹ̀ náà, a sì ń gba àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàyè láti máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ó wá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, ṣùgbọ́n kò rí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá ni ó mọ bí ó ti ń rí: ìwé ẹ̀rí yunifásítì wà nínú àpótí, ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀ ni kò sí. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò níṣẹ́ ní Portlaoise, láti máa ran ara wọn lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Aláìníṣẹ́ tí ó jẹ́ ọmọ ìlú náà wà nínú rẹ̀, aláìníṣẹ́ tí ó jẹ́ àlejò wà nínú rẹ̀.

Mi ò sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò dára o. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fà, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú ti dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé ṣì ń jà lọ́wọ́? Ibikíbi tí a bá dé lókè òkun, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń dá sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí yóò máa pàdé lọ́jọ́ Àìkú, tí yóò máa dá owó fún ẹni tí òbí rẹ̀ kú, tí yóò máa rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ sí ìlú tí ó wà. Ẹgbẹ́ Adebari kọjú sí ìlú, ó sì mú ọ̀ràn tí ó ń dun onílé àti àlejò bákan náà. Lẹ́yìn náà ni ó gba oyè ẹ̀kọ́ kejì ní Dublin City University nínú ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀yà àti àṣà oríṣiríṣi ṣe lè gbé pọ̀, tí ó sì ń ṣe ètò lórí rédíò ìbílẹ̀. Nígbà tí ọdún ìdìbò fi dé, ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ kì í ṣe àjèjì fún wọn mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo òfin tí ó ṣí ilẹ̀kùn. Ní Ireland, bí ó bá jẹ́ dídupò sí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè, ọmọ orílẹ̀-èdè ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n ní ti ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń gbé agbègbè náà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó, ni ó lè dìbò, tí ó sì lè dupò, bí kò tilẹ̀ ní ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè. Ohun tí òfin náà ń sọ ni pé ẹni tí kòtò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa kòtò náà. Lẹ́yìn èyí, ó lè díje láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Bí Adebari ṣe díje nìyẹn: òun nìkan, láìsí baba ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìbò níbẹ̀ tún yàtọ̀ sí tiwa, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ìka ni wọ́n ń tẹ̀ síwájú orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Olùdìbò yóò kọ 1 síwájú ẹni tí ó fẹ́ jùlọ, 2 síwájú ẹni tí ó tẹ̀ lé e, 3 síwájú ẹnì kẹta, títí dé ibi tí ó bá wù ú. Ẹ jẹ́ kí a fi kíláàsì kan ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 fẹ́ yan aṣojú mẹ́ta láàárín olùdíje mẹ́fà, tí a ó pè ní A, B, D, F, G àti K. A ó fi ìkan kún iye àga, ó di mẹ́rin. A ó fi mẹ́rin pín 40, ó di 10. A ó fi ìkan kún un, ó di 11. Ẹni tí ó bá ní ìbò 11 ti wọlé, nítorí ènìyàn mẹ́rin kò lè ní 11 nínú 40 láéláé.

A ka àwọn tí wọ́n kọ 1. A ní 14, B ní 9, D ní 7, F ní 5, G ní 3, K ní 2. A ti wọlé, ìbò mẹ́ta sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ní da mẹ́ta yìí nù. Wọn yóò pín in fún àwọn tí olùdìbò A kọ 2 síwájú wọn. Ká ní ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ B, méjì bọ́ sọ́wọ́ F. B di 10, F di 7. Kò sí ẹni tí ó tún pé 11, nítorí náà ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, K, yóò yọwọ́. Àwọn méjèèjì tí wọ́n yan K ti kọ 2 síwájú F. F di 9. G náà yọwọ́ pẹ̀lú mẹ́ta rẹ̀: ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ B, méjì lọ sọ́dọ̀ F. B di 11, F di 11. Àwọn méjèèjì wọlé. D tí ó wà ní ipò kẹta nígbà tí a kọ́kọ́ kà á kò wọlé, ó wà lórí 7 rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ó fẹ́ràn D fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí ó rántí rẹ̀. F ni ẹni tí gbogbo ènìyàn lè gbà.

Àga mẹ́sàn-án ni ó wà ní ìgbìmọ̀ ìlú Portlaoise. Níbi tí àga mẹ́sàn-án bá wà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbò pẹ̀lú ìbò kan lé ni ẹnì kan nílò. Bí ènìyàn 1,000 bá dìbò, 101 ti tó. Àlejò tí kò ní ẹbí ní ìlú, tí ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, kò lè sọ fún bàbá àgbàlagbà kan pé kí ó fi ẹgbẹ́ òṣèlú tí baba rẹ̀ ti wà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè sọ fún un pé, "Ẹ fún ẹni yín ní 1, kí ẹ rántí mi ní 2." Mo gbà pé irú ètò báyìí ń kọ́ olùdíje ní ọmọlúàbí, nítorí ẹni tí ó bá ń bú alátakò rẹ̀ ń lé ìbò kejì lọ ni.

Ìdìbò náà wáyé ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, ọdún 2004. Adebari wọlé ní Portlaoise. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Taiwo Matthew, tí ó jẹ́ dókítà, wọlé ní ìlú Ennis. Àwọn méjèèjì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí a ó dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ ìlú ní ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan náà, nínú àgọ́ ìdìbò kan náà, ìwé mìíràn tún wà lọ́wọ́ àwọn ará Ireland. Ìjọba ń bi wọ́n bóyá kí a yí ìwé òfin padà, kí ó má ṣe jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí a bá bí sí ilẹ̀ náà ni yóò máa di ọmọ ilẹ̀ náà bí àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ àjèjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn mẹ́rin nínú márùn-ún tí wọ́n ní kí a yí i padà. Ilẹ̀kùn tí ọmọ Adebari gbà wọlé ni wọ́n tì lọ́jọ́ náà.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Ṣé àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n ṣe nǹkan méjèèjì? Ó dájú pé àwọn kan wà ní Portlaoise tí wọ́n fi ọwọ́ kan tilẹ̀kùn mọ́ àlejò, tí wọ́n sì fi ọwọ́ kejì kọ nọ́ńbà síwájú orúkọ Adebari. Lójú tèmi, èyí kì í ṣe àgàbàgebè. Ẹ̀rù "àwọn àlejò" lè wà lọ́kàn ẹni tí kò bẹ̀rù àlejò tí ó mọ̀. "Àwọn àlejò" kò ní ojú, kò ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó bá ọmọ rẹ ṣe ìpàdé àwọn aláìníṣẹ́, Rotimi ni, kì í ṣe "wọn".

Ní ti ipò méyọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó ń pín owó. Àwọn ará ìlú kọ́ ni wọ́n ń yan méyọ̀ Portlaoise. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ni wọ́n ń yan ọ̀kan nínú ara wọn, fún ọdún kan péré. Òun ni ó ń ṣe alága ìpàdé, òun ni ó ń kí àlejò pàtàkì káàbọ̀, òun ni ojú ìlú. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbà síṣẹ́. Nítorí náà, ohun tí ó mú kí ìbò mẹ́fà ọdún 2007 ṣe pàtàkì ni ibi tí wọ́n ti wá: láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Fine Gael, láti ọ̀dọ̀ Sinn Féin, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní ẹgbẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ méjì wọ̀nyí kì í jẹun nínú àwo kan náà. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí Adebari ti bá a jókòó nípàdé fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n ti rí i nígbà tí inú ń bí i, wọ́n ti rí i nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ nínú àríyànjiyàn. Ó ṣeé ṣe láti fi ẹ̀rín tan olùdìbò jẹ. Ó ṣòro láti fi tan ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2009, wọ́n tún un yàn, ó sì wọ ìgbìmọ̀ agbègbè Laois pẹ̀lú. Ní ọdún 2011 ó díje fún ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè ní Laois àti Offaly, kò sì wọlé. Agbègbè náà fẹ̀ ju kí ènìyàn kan fi ẹsẹ̀ rìn ín tán lọ. Ní ọdún 2014, ìjọba Ireland pa gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú kéékèèké rẹ́, ti Portlaoise sì wà lára wọn, tí ó fi jẹ́ pé àga tí Adebari jókòó lé kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti gba ojú ọ̀nà náà. Yemi Adenuga wọ ìgbìmọ̀ agbègbè Meath ní ọdún 2019. Uruemu Adejinmi di méyọ̀ ní Longford ní ọdún 2021, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì.

Inú wa ń dùn nígbà tí a bá gbọ́ irú ìròyìn báyìí. A ó máa fi ránṣẹ́ sí ara wa lórí fóònù, a ó ní, "Ẹ wo ọmọ wa!" Ibí yìí ni mo ti fẹ́ padà sílé.

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú tí kò mọ àlejò. Nígbà tí ojú irin dé ibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó kó ènìyàn láti gúúsù àti àríwá wá. Láti ọdún 1992 tí Federal Polytechnic ti wà ní ìlú wa, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ láti ẹ̀yà gbogbo ti ń gbé láàárín wa, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń kọ́lé. Àwa náà sì ti jẹ àlejò rí: nígbà tí ogun tú ìlú yìí ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé onílé ni àwọn baba ńlá wa fi ṣe ibùgbé kí wọ́n tó padà wá tún un kọ́.

Ǹjẹ́ àlejò lè di kánsẹ́lọ̀ ní Ọ̀fà? Bí ó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìwé òfin ọdún 1999 kò ní kí ó má ṣe é. Abala keje rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò tàbí láti díje sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Nínú ohun tí òfin náà bèèrè lọ́wọ́ olùdíje sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀. Pé kí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lóòótọ́, ó gbọ́dọ̀ wá láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú. Òfin wa kò gba ẹni tí ó dá dúró bíi ti Adebari láàyè. Ìwé òfin kan náà sì ni ó tún sọ, nígbà tí ó bá kan ipò mínísítà, pé ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ mú, ó sì fi òbí tàbí òbí àgbà ẹni ṣe òṣùwọ̀n. Láti inú ìyẹn ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ti gbilẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, tí ó fi di ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọdé kí ó tó lè rí owó ìrànwọ́ gbà. Wọ́n lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀fà tí a bí sí Kàdúná. Àwa náà ń bèèrè rẹ̀.

Ní sáà kan tí kò tíì pẹ́, wọ́n pín fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọmọbìnrin kan jókòó sí iwájú, ẹni tí ó ń mókè nínú ẹ̀kọ́ mi. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ ń tajà ní ọjà wa láti ìgbà tí èmi fúnra mi ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Èdè Ọ̀fà ni ó ń sọ, ó tilẹ̀ ń fi ìjàkadì ìlú wa yangàn. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà wá bá mi lórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ ìlú mi yìí, ìlú wo ni kí n kọ?"

Mo sọ ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń bèèrè fún un. Ó padà sí àyè rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ìlú kan tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ rí.